Aṣọ Tí Télọ̀ Rán Ṣáájú Ara

Ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ irun ìpéǹpéjú obìnrin kan nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó funfun báláú lókè ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún róbótó. Télọ̀ gbójú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgbé ẹ̀rọ, òwú sì já.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ yìí kó fẹ̀ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwọn oníbàárà mi ní èmi ni mò ń jẹ èrè búrẹ́dì tí mò ń ṣe."

"Ta ló rẹ́rìn-ín?" ni Télọ̀ wí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ti kún un lẹ́nu. "Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tí kì í jẹ ẹ́ ló yẹ ká máa fura sí."

Ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọlé, kò sì dúró kí wọ́n fún un ní àga.

Nígbà tí Oníbúrẹ́dì tún padà wá, kò gbé aṣọ kankan dání, búrẹ́dì gbígbóná ló gbé wá. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ló ti sọ tinú rẹ̀. Làkúrègbé ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ ara yíjú padà, tí wọ́n ń bá oríkèé jà. Láràárọ̀, ìka rẹ̀ á ká kò. Hóró oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nìkan ló ń jẹ́ kó lè po ìyẹ̀fun. Àmọ́ ohun tí oògùn náà ń fọwọ́ ọ̀tún tún ṣe ló ń fọwọ́ òsì bà jẹ́: ojú àti ara wú, oorun sá, eegun sì ti ń di ẹlẹgẹ́.

"Abẹ́rẹ́ tuntun kan wà," ó ní, "bàyọ́lọ́jíkì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń dá ìjà sílẹ̀ gan-an ló ń mú. Bó bá bá mi lára mu, dókítà á máa dín sítẹ́rọ́ọ̀dù kù. Mo fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti pinnu."

"Ta ni á máa gún ọ?"

"Èmi fúnra mi."

"Abẹ́rẹ́ niṣẹ́ tèmi, olólùfẹ́ mi. Ní kí wọ́n kọ́ mi."

Wọ́n kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ náà sì bá a mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oníbúrẹ́dì jí, ó na ìka rẹ̀, ìka sì nà. Ó sunkún ayọ̀ lórí ìyẹ̀fun. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dín hóró oògùn kù díẹ̀díẹ̀.

Inú Télọ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í lo téèpù, ojú ló fi ń wọn ènìyàn. Fọ́tò Oníbúrẹ́dì kan wà lára ògiri ilé búrẹ́dì, tó ti yà kí àìsàn tó dé. Fọ́tò yẹn ni Télọ̀ wò rán aṣọ tí Oníbúrẹ́dì máa wọ̀ lọ kí ìyá Télọ̀. Lójú tirẹ̀, ìlérí ni: ara rẹ ń bọ̀ wá sípò.

Oníbúrẹ́dì fa aṣọ náà dé ìbàdí, kò gòkè mọ́. Ohun tó rò ni pé ẹni inú fọ́tò ni ọkùnrin yìí ń fẹ́. Ọjọ́ náà ló pa sítẹ́rọ́ọ̀dù tì pátápátá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí òòyì fi kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e. Ìyá Oníbúrẹ́dì bá a nílẹ̀ láàárín àpò ìyẹ̀fun, ó sì fariwo ta.

"Abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́," ni dókítà sọ fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tójú rẹ̀ là. "Àmọ́ ó ti pẹ́ tí hóró oògùn ti ń bá ara rẹ ṣe ohun tó yẹ kó máa ṣe fúnra rẹ̀. Ara náà ti gbàgbé. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń rán an létí. Bí o bá já a lójijì, ikú lò ń pè."

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọmọ, ó ti ránṣẹ́ sí Télọ̀, ó sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ìwọ nìyí? Aṣọ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi!"

"Mo jẹ̀bi, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ìyá wò ó títí, ó yà fún un kó wọlé.

Télọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó yọ aṣọ náà, tó ti lọ mú nílé búrẹ́dì, àti bíléèdì, ó sì ń tú u lójú rẹ̀. "Mi ò mọ ẹni inú fọ́tò yẹn rí. Ẹni tó ní ìyẹ̀fun lójú ni mo mọ̀, òun ni mo fẹ́." Ó fa téèpù tuntun yọ lápò.

"Téèpù kẹ̀? Ìwọ?"

"Ojú mi ti ṣì mí lọ́nà. Gbọ́wọ́ sókè, ayọ̀ mi."

Ó wọ̀n ọ́n bó ṣe rí gan-an lọ́jọ́ náà, ó fi aṣọ mìíràn kún un, ó tún un rán, ó sì pa èyí tó pọ̀ mọ́ sínú ojú rírán kó lè ṣeé tú tàbí gbà sínú. Aṣọ yẹn ni Oníbúrẹ́dì wọ̀ lọ kí ìyá Télọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún. Ó tún padà sẹ́nu hóró oògùn, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó sọ̀ ọ́. Ìgbà mìíràn ó rẹ̀ ẹ́, orí ń fọ́ ọ, síbẹ̀ kò yẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti dín oògùn kù tí ara sì gbà á, Télọ̀ á gba aṣọ sínú díẹ̀.

Nígbà tí dókítà ní kó má lo sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́, abẹ́rẹ́ nìkan ló kù, Oníbúrẹ́dì gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Télọ̀ gbé aṣọ sórí ẹ̀rọ. "Ó yá, jẹ́ kí n gé èyí tó kù nínú sọnù."

"Má gé e. Fi sílẹ̀."

"Fún kí ni?"

"Mo lè lóyún fún ọ. Mo lè sanra lọ́jọ́ ogbó. Inú ilé rẹ ni mo ti fẹ́ gbó, Télọ̀ mi, bí o bá máa gbà mí."

Ẹsẹ̀ Télọ̀ tún gbàgbé ẹ̀rọ. Òwú já, kò sì sẹ́ni tó wò ó.