Ojú Funfun Àjà Karùn-ún

Iná ń tàn fún ẹni tí n kò rí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe lóru, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà karùn-ún ilé ọ́fíìsì tí mo ń gbá ní La Paz kò ní fèrèsé kankan. Mo dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn pẹ̀lú omi ìnulẹ̀ mi. Gílóòbù tó wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún tàn, ó kú. Èyí tó tẹ̀ lé e tàn, òun náà kú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tàn bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tí orúnkún ń dùn bá ń rìn bọ̀. Nígbà tó kan èyí tó wà lókè orí mi, ó tàn, kò kú mọ́. Mo sì gbọ́ òórùn ìpara orúnkún.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù bà mí o. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn! Ta ni kì í yọ̀ bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá kí i? Mo mọ ẹni tó ni orúnkún yẹn.

Don Fortunato Ticona ni, olùṣọ́ ilé náà. Kí àwọn ojú funfun tí ń tan iná fúnra wọn tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ló ń tan gbogbo iná ilé, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ń pa á. Bí mo bá ń gbálẹ̀ lọ, á máa tẹ̀ lé mi. Bí mo bá ti jáde nínú yàrá kan, n óò gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: kọ́! Ó ti pa súìṣì. Á wá pè mí ní Nina, bí òun ṣe ń gé Saturnina mi kúrú:

“Nina, ta lo tan iná yìí sílẹ̀ fún?”

“Fún àwọn àga ni, Don Fortunato. Ẹ̀rù òkùnkùn ń bà wọ́n.”

“Àga wo ló ń bẹ̀rù òkùnkùn! Sọ fún wọn kí wọ́n di ojú wọn.”

Ojoojúmọ́ ayé la ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ la sì ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀sán, a ó wọ yàrá kékeré tó wà ní ìparí àjà karùn-ún, mo máa tẹ́ aṣọ aláràbarà tí mo fi ń pọn ẹrù sílẹ̀, màá da ànàmọ́ bíbọ̀ àti ẹ̀wà sórí rẹ̀, pẹ̀lú wàràkàṣì. Òun ló máa ń mú búrẹ́dì wá. Á bù ú sí méjì, á fún mi ní ìdajì, á wá di tiẹ̀ mú sọ́wọ́. Kò ní jẹ ẹ́ títí eyín mi á fi kan tèmi. Bí ebi ń pa á kú, kò ní kọ́kọ́ jẹ. “Ẹni tó bá dá jẹun,” á ní, “òkú ló ń bá a jẹun.”

Àwa méjèèjì kò kúkú ní ẹlòmíì. Ọkọ mi ti kú, ọmọbìnrin mi wà ní Buenos Aires. Òun kò tilẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí kankan, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà ló ń sùn.

Ìgbà tó yá ni Ọ̀gá Arze dé, tí wọ́n fi í ṣe alábòójútó ilé. Ó ní iná ń jó lásán. Òótọ́ ló sọ, èmi náà rí i. Ó bá ránṣẹ́ pe Noelia, ọmọbìnrin onímọ̀ iná kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, ó wá to àwọn ojú funfun kéékèèké sí òrùlé, wọ́n rí roboto bí ẹyin ẹyẹlé.

“Mama Satu, ooru ara ènìyàn ló ń wò,” ó ṣàlàyé fún mi. “Bí ooru bá ń rìn lábẹ́ rẹ̀, á tan iná. Bí kò bá rí nǹkan tó mira, á pa á.”

“Ṣé kì í sùn ni?”

“Kì í sùn, kì í sì í béèrè oúnjẹ ọ̀sán.”

Mo rẹ́rìn-ín. Don Fortunato kò rín.

Owó iná já wálẹ̀, Ọ̀gá Arze fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Wọn kò lé Don Fortunato, wọ́n kàn gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó wá ń jókòó sí yàrá ìjẹun wa láti àárọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò gba ọ̀nà yẹn mọ́. Nígbà òtútù ọdún náà, mo gòkè lọ́jọ́ kan pẹ̀lú oúnjẹ wa. Yàrá náà ṣókùnkùn. Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ wọlé ni iná tàn, mo sì rí i lórí àga rẹ̀. Ó ti kú láti ìgbà díẹ̀. Ojú funfun ti wò ó, kò rí ohun tó mira, ó sì pa iná mọ́ ọn lórí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àjà karùn-ún.

Noelia wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ àwọn ojú náà, ó fi tuntun síbẹ̀. Iná tún rìn. Ó gun àkàbà, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó dì mú, ó tún wò ó, ó wá rọra sọ̀kalẹ̀.

“Mama,” ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, “kò sí ohun tó ṣe àwọn ojú yìí. Ooru ni wọ́n ń rí.”

“Ooru ta ni?”

Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

Ọ̀gá Arze kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. “Kò sẹ́ni tó háyà àjà yẹn. Èmi kò ní máa tan iná fún afẹ́fẹ́. Bí ọdún àwọn òkú bá ti kọjá, ẹ gé iná ibẹ̀ kúrò pátápátá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni àwọn òkú ń wọlé, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ń padà. Ẹni tó bá lẹ́ni á bá tábìlì nílẹ̀: búrẹ́dì tí a fi mọ ọmọlangidi, búrẹ́dì tí a fi ṣe àkàbà tí yóò fi gòkè, ìrèké tí yóò fi tilẹ̀, àbẹ́là tí yóò fi mọ̀nà. Ẹni tí kò bá rí tábìlì á máa rìn kiri ni. Ta ni Don Fortunato ní, bí kò ṣe èmi? Bí wọ́n bá sì gé iná náà kí ó tó jẹun tán kó lọ, inú òkùnkùn yẹn ni yóò máa rìn títí ayé.

Mo ní n kò ní tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí ilé mi ní El Alto. Kò mọ ibẹ̀. Yàrá ìjẹun wa ni mo tẹ́ ẹ sí. Noelia gbé ìrèké wá, ó ní òun kò gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́, ó sì dúró tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù náà pọ́n. Iná ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàn. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, kò wọlé.

“Ẹ wọlé o, Don Fortunato. Oúnjẹ ń tutù.”

Kò wọlé.

“Kí ló ń dúró dè?” Noelia fọwọ́ di apá mi mú.

Mo ti mọ̀. Ó ń dúró de eyín mi ni.

Ẹ gbọ́, alààyè kì í fẹnu kan búrẹ́dì òkú kí òkú tó lọ. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá bá wọn jẹ ẹ́ ti ka ara rẹ̀ mọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà, ebi ń pa á, orúnkún ń dùn ún, ìwà ọmọlúàbí kò sì jẹ́ kó wọlé!

“Mama, ẹ má ṣe é.”

Mo bu búrẹ́dì náà sí méjì. Mo fi ìdajì síwájú àga rẹ̀. Mo gé tèmi jẹ. Ó dùn, èso olóòórùn dídùn tí mo fi pò ó kún ẹnu mi. Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn, àbẹ́là tẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eṣinṣin kan, irú èyí tí àwọn òkú wa máa ń gbé wọ̀ wá, sì bà lé ìdajì búrẹ́dì tó wà níwájú àga náà. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a gbàdúrà, a palẹ̀ tábìlì mọ́, a sìn ín jáde. Iná ń tàn lọ, ó ń jìnnà, ó dé ìpẹ̀kun, ó kú. Noelia ti wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

“Mama Satu, ẹ máa bọ̀, a ti ṣe tán.”

Mo rìn kọjá lábẹ́ ojú àkọ́kọ́. Kò tàn. Mo dé abẹ́ ìkejì, mo gbé ọwọ́ sókè, mo jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí aṣiwèrè. Òkùnkùn. Noelia sáré wá bá mi, iná sì ń tàn lé e lórí bó ṣe ń bọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ọwọ́ yín gbóná, Mama. Ó gbóná dáadáa.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo ni ín.”

Ó fi mí sílẹ̀, ó rọra fà sẹ́yìn. Iná tẹ̀ lé e. Èyí tó wà lókè orí mi kú.

Bí ìyá mi ṣe wí, mo ti ka ara mi mọ́ àwọn àlejò tó ti jẹun: láti ọjọ́ yẹn, kò sí ojú kan nínú ilé náà tó rí mi mọ́. Wọn kò gé iná àjà karùn-ún, nítorí kò rìn mọ́. Ọ̀gá Arze ń fi mí yangàn: “Doña Saturnina, kò sí òṣìṣẹ́ tó mọ iná tọ́jú bíi tiyín! Ibi tí ẹ ti ń gbálẹ̀ kì í jẹ iná rárá!” Mo ní ẹ ṣeun, ọ̀gá.

Noelia nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó fi súìṣì àtijọ́ sí yàrá ìjẹun wa, kí n má baà ṣubú. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Mo jẹ ànàmọ́ mi, èmi nìkan. Mo ká aṣọ mi, mo jáde, mo fi iná sílẹ̀. Mo ti rìn dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

Kọ́!

Òórùn ìpara orúnkún gba ibẹ̀ kan.

“Fún àwọn àga ni, Don Fortunato,” mo ní. N kò wẹ̀yìn.

Mo ti ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin mi ní Buenos Aires. Mo ní bó bá kàn mí, kó má tẹ́ tábìlì mi sí El Alto. Àjà karùn-ún ni kó gbé e wá, kó gbé abọ́ méjì sí i, kó sì bu búrẹ́dì náà sí méjì. Ṣùgbọ́n òun ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án o. A ti pé.