Awò Dúdú Kifayat Létí Adágún Ẹja

Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ oògùn tí a fi pa ibi tí kò dunni kì í wo àrùn.

Bàbá Cornelius, ọlọ́sìn ẹja l'Ẹ́sà-Òkè, kò fọkàn tán Kifayat, obìnrin tí adágún ẹja rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, awò dúdú ló máa ń wà lójú obìnrin náà. Bó bá fẹ́ kí bàbá, á yọ ọ́, á kúnlẹ̀, á wolẹ̀. Bó bá ti dìde, ó tún ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

"Bánkẹ́," bàbá wí fún ìyàwó rẹ̀, "obìnrin yìí ló ń bá ojú mi jà. Láti ọdún tó ti dé ni ó ti ń ta mí bí ẹni da iyanrìn sí i."

Òótọ́ ni pé ojú ń dà á láàmú. Ẹran kékeré kan ti hù ní kọ̀rọ̀ ẹyinjú rẹ̀, ó ń rá pálá bọ̀ níbi dúdú ojú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rí ihò inú àwọ̀n, ẹja bá ibẹ̀ lọ.

"Ọmọ Obòkun, ẹ ti gbàdúrà lórí ojú yín, ó dáa," ni Bánkẹ́ dáhùn. "Ẹ ti bi Kifayat léèrè?"

"Ẹni tó ń fojú pamọ́ á sọ òótọ́?"

Bánkẹ́ kò bá a jiyàn. Ó pe Kifayat wá.

"Gbójú sókè," ni bàbá wí. "Kí lo ń fi pamọ́?"

Kifayat yọ awò, ó gbójú sókè. Irú ẹran yẹn gan-an wà lójú tirẹ̀ náà.

"Bàbá, kì í ṣe ayé, oòrùn ni. Ó ń ràn wá lórí, omi tún ń dá a padà sójú wa láti ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Íwaraja kí dókítà ojú tó là mí lọ́yẹ̀."

"Màá ra awò ní garéèjì nígbà náà."

"Dúdú nìkan kò tó, bàbá. Èyí tó ní àmì UV400, tó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró, ni kí ẹ rà, kí dókítà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dé fìlà etí gbòòrò kún un."

"Omi iyọ̀ tí mo ń kán sójú ńkọ́? Ṣebí omi òkun ni Obòkun bù wá tí ojú Odùduwà fi là."

"Ẹ fẹ́ se ojú jẹ ni?" Bánkẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má kán an mọ́, bàbá. Ohun tí dókítà kò bá fún yín, ẹ má fi kan ojú."

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ létí omi, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin tó ń kó iyanrìn lódò, ojú lọba ara. Ẹ wọ awò tó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró, kódà lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá ṣú. Ojú tó bá ń pọ́n, tó ń ta, tàbí tí ẹran hù sí, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Olúwa kò ní í gba ìmọ́lẹ̀ ojú wa.

Bàbá Cornelius yíjú sí obìnrin náà.

"Kifayat, má bínú sí mi. Jọ̀ọ́, mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà náà lọ́la."