Omi Òdòdó Kì í Ṣe Omi Ẹnu

Láti ìgbà tí kànga ti gbẹ ni ọkàn Ìyá Olódòdó kò ti balẹ̀. Òdòdó tó ń gbìn sínú ìkòkò fún títà ń rọ lójú rẹ̀. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ omi gbé ẹ̀rọ omi tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n kun ẹnu rẹ̀ ní ọ̀dà elésè àlùkò, ló tó mí kanlẹ̀. Omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n sì tún ṣe fún òdòdó ló ń jáde nínú rẹ̀; àwọ̀ elésè àlùkò náà ni àmì pé kì í ṣe fún mímu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọlé, ó bá kẹ́ẹ̀gì tó fi ń bu omi òdòdó lórí tábìlì ilé ìdáná.

"Ta ló gbé eléyìí wọlé?"

"Èmi ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ṣebí wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe? Wò ó, ó mọ́ gaara!"

Ọmọ wọn obìnrin, olóyún oṣù méje, ti gbé ife sẹ́nu. Ìyá gbá ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Ṣé o ti mu ún?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbé mì, màámi."

 Ìyá sáré lọ pe Bọ̀dá Páìpù, òṣìṣẹ́ omi tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ ìyẹn nígbà tó dé.

"Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn báyìí, kẹ́ ẹ sọ ohun tó mu fún wọn. Bàbá, ojú lásán ni omi yìí fi mọ́. Kòkòrò tí ojú ò rí lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀."

"Ṣé òdòdó wá lágbára jù mí lọ ni?"

"Inú kì í run òdòdó, bàbá."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Bàbá kò lè jẹun, ọmọ rẹ̀ ló ń bi léèrè ṣáá.

"Ṣé inú ò run ọ́?"

"Bàbá mi, àbí ẹ fẹ́ kó run mí ni?"

Ọjọ́ mẹ́ta pé, inú kò run ún. Bàbá wá ọ̀dà elésè àlùkò, ó kun kẹ́ẹ̀gì náà látòkè délẹ̀. Ó ní ká ní ọ̀dà kò tán ni, òun ì bá kun ọwọ́ òun tó gbé e wọlé.

Ẹ̀yin ará, omi àtúnṣe dára fún òdòdó, ẹ lò ó. Ìdí òdòdó ni kẹ́ ẹ dà á sí, ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́ tí ẹ ó jẹ ní tútù. Ẹ fọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ya kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì kùn ún kí ẹnikẹ́ni tó ṣì í mu. Ọ̀dà díẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí bàbá yẹn fi ṣọ́ inú ọmọ rẹ̀.