Bátìrì Tírélà Kì Í Ṣe Bátìrì Ilé

Ẹ̀yin ará Yewa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá ti òdìkejì bọ́dà wọlé, ojúlówó ni lójú wa. Bí ẹnìkan bá ti ní, "Kútọnu ni mo ti gbé e," a ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Ohun tó fẹ́ kó bá Sẹ̀kínát, ìyàwó Ṣàíbù, nìyẹn ní Ayétòrò, lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa.

Ẹ rántí àsìkò náà. Epo bẹntiróòlù kò dé àwọn ilé epo ẹ̀bá bọ́dà mọ́, gbogbo ayé wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì ya bo Ayétòrò. Jẹnẹrétọ̀ Sẹ̀kínát dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe kò fẹ́ ìdákẹ́. Ẹ̀rọ kan wà nílé rẹ̀ tó ń sàba lé ẹyin bí àgbébọ̀, àwọn obìnrin Joga-Orílé ló sì ń kó ẹyin adìyẹ wọn wá kó lè bá wọn sọ ọ́ di òròmọdìyẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá tutù mọ́jú, ọmọ inú ẹyin ti kú nìyẹn.

Ó ti fi sólà sórí òrùlé. Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Tí oòrùn bá ti wọ̀, àfi bátìrì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣàíbù wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kòkúmọ́ ọlọ́kadà ló tẹ̀ lé e, ẹni tó ń gba ọ̀nà igbó ṣe fàyàwọ́. Bátìrì ńlá kan wà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.

"Ìyá Rauf, jáde wá o! Ìṣòro wa ti tán!"

Kòkúmọ́ fi wáyà kan orí bátìrì náà méjèèjì, iná ta pàrá! "Ẹ rí i? Sẹ bọ́n, ó dáa! Tòkunbọ̀ gidi ni. Bátìrì tírélà ni o. Ohun tó ń jí tírélà, ṣé ẹyin adìyẹ ló máa wá dá a lágara?"

Ṣàíbù bú sẹ́rìn-ín. Sẹ̀kínát kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Kòkúmọ́, báwo lo ṣe gbé e gba inú igbó tí ásíìdì rẹ̀ ò fi bó ẹ lẹ́yìn?"

"Áà, èmi kọ́! Mo ti da omi inú rẹ̀ nù ní Kútọnu. Ìgbà tí mo délé ni mo rọ omi mìíràn sí i."

"Omi wo?"

"Omi kànga wa ni. Ó mọ́ gaara!"

Sẹ̀kínát ká ọwọ́ gbera. "Ẹyin oníẹyin ló wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fi wọ́n dán ohun tí mi ò mọ̀ wò. Màá ránṣẹ́ sí Qúdrát."

Àbúrò Ṣàíbù ni Qúdrát, iṣẹ́ iná sólà ló ń ṣe. Inú bí Ṣàíbù. "Àbúrò mi ló máa wá kọ́ mi ní bátìrì? Mo ti ń ra bátìrì ọkọ̀ kí wọ́n tó bí i!"

"Ẹ má bínú, Bàbá Rauf. Kó ṣáà wò ó."

Qúdrát dé, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kòkúmọ́ búra pé òun ti gba iná kún bátìrì náà dẹ́nu. Qúdrát so ó mọ́ ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ó sì tan gílóòbù tó ń jẹ iná tó ti ẹ̀rọ ẹyin.

"Ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó lójú ọ̀sán. Bí kò bá lè gbé èyí di ìrọ̀lẹ́, kò lè gbé e mọ́jú."

Wọn ò tíì kírun Àílà tí gílóòbù ti ń ṣe bàìbàì, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná kú.

"Ṣebí ó ta iná!" ni Ṣàíbù wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná tó ta kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Bátìrì ọkọ̀ máa ń lo agbára lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ́ńjìnnì lè jí, ó tán. Ti ilé gbọ́dọ̀ rọra máa gbé iná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Eléyìí tiẹ̀ tún burú. Wọ́n ti da ásíìdì rẹ̀ nù. Òkú ni, wọ́n kàn wẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má sì fi wáyà kan án bẹ́ẹ̀ mọ́ o! Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná. Ìdí nìyẹn tí a kì í gbé irú rẹ̀ sí yàrá tí èèyàn ń sùn."

Kòkúmọ́ fò dìde. "Yéè! Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi!" Kò dúró gbé bátìrì rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, ó fi eré sí i.

Ṣàíbù ní, "Bọ́dà ti tì. Níbo la ti máa rí tuntun?"

"Abẹ́òkúta. Èyí tó gba èbúté Èkó wọlé, tó ní rìsíìtì," ni Qúdrát dáhùn.

"A máa rà á," ni Sẹ̀kínát wí. "Ẹyin yìí ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ṣàíbù ta àgbò rẹ̀ kí owó bátìrì lè pé. Kí bátìrì tó dé, bí oòrùn bá ti wọ̀, Sẹ̀kínát á rọ omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì, á fi aṣọ wé e, á sì tì í sínú ẹ̀rọ. Ṣàíbù fúnra rẹ̀ ló ń dáná omi, kò sì kùn. Bátìrì lítíọ́mù kékeré kan, irú èyí tí kì í gba omi, ni wọ́n gbé dé, ó sì ń gbé ẹ̀rọ náà mọ́jú.

Ọjọ́ tí àwọn òròmọdìyẹ jáde, Àṣìkẹ́ wá láti Joga-Orílé. Nígbà tó gbọ́ igbe wọn nínú páálí, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Rauf, a ti rò pé ẹ máa ní bọ́dà tó tì ló pa wọ́n."

"Bọ́dà kọ́ ni ì bá pa wọ́n," ni Sẹ̀kínát dáhùn. "Ìràkurà ni."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́ o. Kí ẹ tó ra bátìrì sólà, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó gbé àti iye wákàtí tó máa fi gbé e. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín ṣírò rẹ̀. Ti ilé ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti ọkọ̀. Lítíọ́mù wọ́n, àmọ́ ó ń pẹ́, èèyàn sì lè lo púpọ̀ nínú iná rẹ̀. Túbúlà, ìyẹn bátìrì ilé tó ń gba omi, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáa kí a máa lò ó kọjá ìdajì. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kí ẹ máa bù sí i, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó sì wà. Ẹ má so ògbólógbòó mọ́ tuntun. Ínfátà yín àti ẹ̀rọ tó ń kó iná oòrùn sí bátìrì gbọ́dọ̀ bá irú rẹ̀ mu. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ ò bá mọ ẹni tí ẹ máa gbé e padà fún bó bá bàjẹ́, ẹ má rà á.