Òpó Díìṣì Ìyá Àgbà

Lábẹ́ díìṣì tẹlifísàn ni Hafeez ti kọ́kọ́ rí Ràhmát. Oòrùn ọ̀sán oṣù Èrèlé ń jó èbúté Òde-Omi, gbogbo ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ti sá sábẹ́ àtíbàbà, àfi ọmọge kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó gbé díìṣì ńlá kan lé orí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, ó dúró jẹ́ẹ́ nínú òjìji rẹ̀ bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé ń fi díìṣì ṣe nìyẹn. Hafeez bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé iṣẹ́ ló gbé òun wá.

“Ṣé èmi lẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín?” ló bi í. “Àbí ẹ̀yin kọ́ ni Bọ̀dá Hafeez tí mo ti ń retí láti aago mẹ́sàn-án?”

“Èmi ni. Ẹ má bínú. Mi ò rí ẹni tó fi díìṣì ṣe agboòrùn rí ni.”

“Ẹ ti wá rí i. Ẹ gbà á, ọrùn ń ro mí.”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ẹwà Ràhmát nìkan kọ́ ló mú Hafeez, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà náà kò kéré. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sára èrò, ọmọbìnrin yìí fi etí híjáàbù rẹ̀ bo díkódà, àpótí kékeré tó ń gbé àwòrán díìṣì wọ tẹlifísàn, bí ìyá ṣe ń bo ọmọ, ó jẹ́ kí omi rin aṣọ òun fúnra rẹ̀ gbingbin. Hafeez ti ń gun òrùlé onílé kiri so díìṣì láti ọdún mẹ́wàá ní Òkè-Àgbò àti gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tíì rí oníbàárà tó ṣe báyìí rí.

“Ìyá bàbá mi la fẹ́ ṣe é fún,” ni Ràhmát sọ fún un lójú omi. “Òun nìkan ló ń dá gbé. Lọ́dún 1984 ni ọkọ wọn lọ sí Mẹ́kà. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ Arafa, Ọlọ́run gbà á síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyá Àgbà kò rí sàréè rẹ̀ rí. Ẹ sọ lórí fóònù pé díìṣì tí kì í gba owó oṣù lè fi Mẹ́kà hàn?”

“Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fi í hàn. Tí mo bá ti rí i gbà, Màmá náà á rí i.”

Ilé ìyá náà dá dúró sórí iyanrìn funfun, ó jìnnà sí ìlú Makun-Omi gan-an. Ilé onípákó kékeré ni, igi àgbọn mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, omi ọ̀sà wà lẹ́yìn. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀, sólà kékeré tí Ràhmát rà ló wà lórí páànù. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Hafeez bó ṣe ń gbẹ́ ihò, tó ń po sìmẹ́ńtì, tó sì gbé òpó onírin nàró, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe é lórí ilẹ̀ pupa Òkè-Àgbò.

“Ọma mi, ihò yẹn kò jìn,” ni ìyá wí.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni.”

Ìyá yíjú sí àwọn igi àgbọn rẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan tán.

Wíwá síginà ló kù. Hafeez wà nídìí òpó níta, ó ń yí díìṣì díẹ̀díẹ̀ sí ìlà oòrùn. Ràhmát wà nínú ilé, ó ń kígbe iye tí síginà jẹ́ láti ojú fèrèsé.

“Ogún! Márùndínlógójì! Ó ti jábọ́ o! Ẹ dá a padà sápá òsì!”

“Òsì tèmi àbí tiyín?”

“Òsì ẹni tó ń gba owó iṣẹ́!”

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, Hafeez sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí síginà náà má tètè bọ́ sí i. Lójijì, ohùn inú ilé dákẹ́. Ó pe Ràhmát, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó sáré wọlé, ó bá Ìyá Àgbà ní ìdúró níwájú tẹlifísàn, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú dígí rẹ̀. Káábà ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń yí i ká.

“Apá ibo ni wọ́n sin ín sí?” ni ìyá bi wọ́n.

Hafeez jáde, ó fi ọwọ́ onígíríìsì nu ojú. Nígbà tí Ràhmát jáde tọ̀ ọ́, tó rí bí ojú rẹ̀ ṣe dúdú láti imú dé etí, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ó na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí i. Hafeez kò dá áńkáṣíìfù náà padà títí dòní.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e yẹn, tí wọ́n bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, àwọn méjèèjì máa ń wojú ara wọn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ilé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni Ràhmát ti ń ṣiṣẹ́, kò sì jìnnà sí Òkè-Àgbò. Hafeez á ní òun wá yẹ wáyà kan wò. Tí wọ́n bá ní kò sí wáyà tó bàjẹ́, á ní òun wá kàwé. Ìwé kan náà ló máa ń gbé lójoojúmọ́, kò kúrò lójú ewé kẹrin.

“Injíníà mi, ìwé yìí mà le o,” ni Ràhmát á wí.

“Olùfẹ́ mi, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n ríran kà á.”

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á jọ wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n á jẹ ẹja tútù, wọ́n á wo omi. Ayé dùn nígbà yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Ràhmát, Alhaji Mùtàlíbù, ni kò gbà pé kí wọ́n fẹ́ra. Oníṣòwò pákó ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí Hafeez lọ fojú hàn án ní ṣọ́ọ̀bù, kò fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

“Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì,” ló wí, “orí òrùlé ni kó ti máa wá ọkọ rẹ̀?”

Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú Hafeez, itọ́ funfun ló tu jáde. “Ẹ ṣeun, sà,” ló wí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà ló pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. “Mùtàlíbù, má tíì lé e. Wá bá mi wo Arafa lọ́dún yìí. Tóo bá rí uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán, kóo wá sọ tẹnu rẹ.”

Alhaji kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ránṣẹ́ sí Hafeez pé ọjọ́ Arafa lòun máa fún un lésì, tí èsì náà bá sì jẹ́ rárá, kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀ mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Arafa, kò sì dá. Nígbà tí Hafeez àti Ràhmát sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhaji ti dé ilé ìyá rẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó jókòó síwájú tẹlifísàn tó dúdú kirikiri. Níta, òpó onírin náà ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀mùtí, tòun ti sìmẹ́ńtì ìdí rẹ̀.

“Ẹni tí kò lè gbé òpó kan ró,” ni Alhaji wí, “ilé wo ló fẹ́ gbé ró?”

Ràhmát fi ojú bẹ Hafeez pé kó sọ pé òjò ni. Òjò náà kúkú ni. Ṣùgbọ́n Hafeez mi orí.

“Ẹ̀bi mi ni, sà. Màmá sọ fún mi pé ihò yẹn kò jìn, mi ò gbọ́. Mo rò pé bí ilẹ̀ Òkè-Àgbò ṣe rí ni ibi gbogbo rí.” Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá nínú iyanrìn tútù. “Màmá, ẹ kọ́ mi.”

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà,” ni Ìyá Àgbà wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ugi gígùn kan wà lábẹ́ ulé, tí ọkọ mi fi ń de àwọ̀n. Gbé e wá. Èèyàn méjì ló ń rì í. Wọn á dojú kọra wọn, wọn á máa yí i sọ́tùn-ún sósì, wọn á gbé ara lé e. Ẹnì kan á máa bu omi sí ìdí rẹ̀. Iyanrìn á la ẹnu, á gbé e mì. Tí omi bá fà tán, kò sí ìjì tó máa wú u.”

Ràhmát ká apá aṣọ sókè, ó fẹ́ di igi náà mú.

“Ìwọ máa bu omi,” ni ìyá wí. Ó wá ń wo ọmọ rẹ̀.

Alhaji wo agbádá rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìyá rẹ̀. Ó bọ́ agbádá náà, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó wá dúró síwájú Hafeez.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Hafeez ń fi gbogbo agbára tì í.

“Má kánjú,” ni Alhaji wí. “Má bá iyanrìn jà. Jẹ́ kó máa lọ fúnra rẹ̀.”

Igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì. Ọwọ́ Alhaji kò gbàgbé iṣẹ́ náà rárá. Nígbà tó yá, ó dúró, ó ń mí gúlegúle.

“Èmi àti bàbá mi la jọ máa ń ri irú igi yìí,” ló wí. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń bá sọ̀rọ̀. “Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ sí Mẹ́kà la rì èyí tó gbẹ̀yìn. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ látìgbà náà.”

Hafeez di igi náà mú ṣinṣin títí bàbá fi nu ojú tán, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Hafeez de díìṣì mọ́ ọn, Ràhmát wọlé lọ sídìí fèrèsé. “Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ọgbọ̀n! Ẹ rọra o! Àádọ́ta! Ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀!”

Àwọn èèyàn aláṣọ funfun kún pẹ̀tẹ́lẹ̀ Arafa lọ súà, wọ́n gbé ọwọ́ àdúà sókè. Alhaji wọlé tòun ti ẹsẹ̀ eléèrí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e lórúnkún. Irun orí rẹ̀ ti funfun ju ti bàbá rẹ̀ lọ nígbà tí ìyẹn kú.

“Ṣé o rí i?” ni Ìyá Àgbà wí. “Wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Kò dá wà.”

Hafeez àti Ràhmát dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò fẹ́ wọlé bá wọn. Alhaji sọ̀rọ̀, kò yíjú padà.

“Hafeez, kí lò ń ṣe níta? Wọlé. Lẹ́yìn Iléyá, sọ fáwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀.”

Ràhmát rọra sọ̀rọ̀ sí Hafeez létí. “Injíníà, ṣé o gbọ́?”

“Mi ò gbọ́ dáadáa. Tún un sọ fún mi.”

“Wọ́n ní kóo wá fẹ́ mi.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Omi ṣì ń kán sílẹ̀ lára aṣọ Ràhmát. “Èmi? Òkè-Àgbò ni o, etí omi ni o, ibi tóo bá wà ni màá bá ọ gbé. Mo fi ọjọ́ òní ṣe ẹlẹ́rìí.”

Ìyá Àgbà gbọ́ wọn. Ó kẹ́yìn sí tẹlifísàn náà, ó na ọwọ́ sí Hafeez.

“Ẹ yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ fún mi,” ló wí. “Mo ti rí ibi tí ọkọ mi wà. Ẹ jẹ́ n rí ojú ọkọ ọma mi.”