Ohun Tí Asẹ́ Wa Ń Yọ Nínú Kòtò Wúrà

Ilẹ̀ kòtò wúrà yẹn dákẹ́ jù. Èmi Làbákẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ tẹ́tí sí ilẹ̀ náà lẹ́bàá Iléṣà, ká lè mọ̀ bó bá fẹ́ ya lu àwọn tó ń wà á. Dúrósinmí, àbúrò mi kan ṣoṣo, tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá wa, wà lára wọn.

"Ṣé ìdákẹ́jẹ́ kọ́ la fẹ́ ni?" Ọ̀gá Barnabas rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà fẹ́ràn wàhálà jù."

Nígbà tí a kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, kíkùn wáyà NẸ́PÀ tó gba orí ibẹ̀ kọjá bo gbogbo ohun tí à ń gbọ́. Ọ̀gá wá fi asẹ́ kan sínú kọ̀ǹpútà tí yóò máa yọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ dànù. Láti ìgbà náà, ìlà tó ń fi ohùn ilẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà tẹ́jú pẹrẹsẹ, àwa náà sì ń sọ fún àwọn awakòtò pé kí wọ́n máa wọlé, kò séwu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, òpó lásán ni mo bá. Àwọn olè ti gé wáyà lọ.

"Ẹ ò mọ̀ ni?" Ìyá Nọ́síràtù tó ń ta omi níbẹ̀ bi mí. "Ọdún tó kọjá la ti rí iná gbẹ̀yìn."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà tí mo gbé dání. Kí wá ni asẹ́ wa ń yọ láti ọjọ́ yìí?

Mo yọ asẹ́ náà kúrò. Ìlà náà gbọ̀n. Mo ki íyàpíìsì sétí: ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń kùn pọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

Mo figbe ta. Gbogbo awakòtò jáde, Dúrósinmí ló kẹ́yìn. Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún ayọ̀. Ara rẹ̀ tutù. Mo ní bóyá òtútù ìsàlẹ̀ ni.

Mo tún tẹ́tí. Kòtò ti ṣófo, àmọ́ kíkùn náà ò dáwọ́ dúró. Ohùn kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré wá yọ nínú rẹ̀ ketekete.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí mo ti wà níbí. Ẹ ò gbọ́ mi ni?"

Mo wo ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́, tó ti jókòó tì mí. Ó rọra na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ dá asẹ́ yẹn padà," ó wí jẹ́jẹ́. "Màmá ò tíì fura."