Omi Àdúrà Nínú Tánkì Edé

Tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ̀ olóògbé ni Tẹniọlá gbé lọ fún àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù Akínkúnmi ní Alábà, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé. Bó ṣe dúró, ojú rẹ̀ lọ sínú tánkì gíláàsì kan lórí káńtà. Edé pupa kan na gbalaja sórí iyanrìn, kò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́, edé yín ti kú," ló wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Akínkúnmi rẹ́rìn-ín. "Kò kú o, sister. Èèpo tó bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Òun gan-an wà lẹ́yìn òkúta. Ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ló ṣe sá pamọ́."

"Ẹ ò wá ní kó èèpo náà dànù?"

"Ó ṣì máa jẹ ẹ́. Ohun tó máa fi le nìyẹn."

Ojú Tẹniọlá kò yí padà, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló ń wá.

Télọ̀ ni Tẹniọlá, ní Ìbà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sunkún rí. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í dé inú. Oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò dùn, kò korò. Àwọn ẹbí ní ọkàn rẹ̀ ti gbẹ. Akínkúnmi kò sọ bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ mọ́ omi tánkì, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, àti pé omi lásán lè pa edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo.

Nígbà tí Akínkúnmi ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Tẹniọlá ní, "Akin, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lè nífẹ̀ẹ́ èèyàn."

"Olólùfẹ́ mi, mo lè dúró."

Ìyá Akínkúnmi ni kò lè dúró. "Ọmọ tí kò sunkún bàbá tó bí i, ṣé ìwọ ló máa wá ṣàánú? Mi ò gbà."

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan, Akínkúnmi gbé fíríìjì oníbàárà lọ sí Navy Town, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún Tẹniọlá. Edé ti bọ́ èèpo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá Akínkúnmi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà lọ́wọ́. Wọ́n rí èèpo nílẹ̀ tánkì.

"Yé! Edé ọmọ mi ti kú! Ìwọ sì jókòó, ò ń wò ó?"

Tẹniọlá kúnlẹ̀. "Kò kú, mà. Ó bọ́ èèpo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí i. Ó máa pa á."

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù, kò gbọ̀n, kò ga.

"Omi àdúrà ló máa pa nǹkan? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú tìẹ ò sì sọ nǹkan kan." Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sókè.

Tẹniọlá na ọwọ́, ó tún fà á padà. Ta ní í já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ? Gbogbo omi náà wọ inú tánkì.

Kí Akínkúnmi tó dé, edé ti jáde lẹ́yìn òkúta, ó sì ti kú.

"Ta ló da omi síbẹ̀?"

Màmá kò purọ́. "Èmi ni. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Akínkúnmi ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé edé náà jáde, ó wò ó títí. Ó dùn ún gan-an. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Tẹniọlá. "Tẹni mi, ṣé ó dun ìwọ náà?"

Màmá gbójú sókè, wọ́n ń retí. Tẹniọlá mọ̀ pé bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí òun tún fọwọ́ nu ojú díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó á rọrùn. Ó wá inú ara rẹ̀ kiri. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Kò dùn mí. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ó wù mí kó dùn mí."

Màmá wá ibi kan jókòó sí. Ọmọ wọn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

"Ẹni tí kò lè purọ́ ẹkún fún mi, kò ní purọ́ ìfẹ́ fún ẹ. Bá àwọn ẹbí ẹ̀ dá ọjọ́. À ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀."

Akínkúnmi na ọwọ́ tó ṣì tutù fún omi sí Tẹniọlá. Tẹniọlá dì í mú. Kò tíì mọ nǹkan kan lára. Kò sì fi í sílẹ̀.